Ọ̀rọ̀ Méjì Tí Mo Fi Túmọ̀ Ọjọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orí mi ṣe pé tó, kó lọ bi ọ̀gá tó gbà mí síṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mo jókòó níwájú wọn, wọ́n bi mí pé kí ni mo mọ̀ nípa dátà. Mo gbé àyà síwájú, mo ní, “Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mà. Gígì méjì kì í tó mi lò lọ́sẹ̀.”

Ọ̀gá wò mí títí. Obìnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Mo rò pé ikọ́ ló ń hú, mo tiẹ̀ ní “ẹ pẹ̀lẹ́, mà.” Síbẹ̀ wọ́n gbà mí. Mi ò mọ ìdí títí dòní. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíì ò wá.

Nígbà yẹn, mo ti ṣe ìdánwò àṣejáde, èsì sì ti dé. Kò burú, kò sì dára débi tí ẹnikẹ́ni á fi máa sáré wá mi. Yunifásítì tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù ò tíì dá mi lóhùn. Mo wà nílé wa ní Ìgbéìn, mò ń jẹun bí ẹni tó ń gba owó oṣù. Ìyá mi ló gbọ́ pé iléeṣẹ́ kan ní Òkè-Ìléwó ń wá ẹni tó lè tẹ kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, “O kúkú ń tẹ fóònù láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ tẹ nǹkan tí wọ́n á sanwó ẹ̀ fún ẹ.”

Òròmọdìyẹ ni iléeṣẹ́ náà ń tà. Wọ́n á ra ẹyin wá, wọ́n á kó o sínú ẹ̀rọ tó ń móoru, ẹ̀rọ á bá adìyẹ sàba, nígbà tó bá yá ọmọ á jáde, wọ́n á sì tà á fún àwọn tó ń sin adìyẹ káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Ọ́fíìsì wa wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Òkè-Ìléwó. Àwọn ẹ̀rọ wà lápá Láfẹ́nwá lọ́hùn-ún, nínú ọgbà kan tó ní yàrá méjì. Màmá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún ló ń bójú tó Yàrá Kìíní. Bọ̀dá kan ló ń bójú tó Yàrá Kejì.

Obìnrin tó fi ìwé bojú yẹn ni mo wá ń bá ṣiṣẹ́. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n, àwọn ló ni gbogbo ọ̀rọ̀ dátà ní iléeṣẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n bi mí pé, “Abọ́ ìyá yín, ṣé wọn ò fi ọ̀dà kọ nǹkan sí i nídìí?”

“Wọ́n kọ ọ́, mà. Gbogbo ìkòkò wa ló ní ọ̀dà pupa nídìí.”

“Nítorí kí ni?”

“Kó má baà sọnù tí wọ́n bá yá a lọ síbi ìnáwó.”

“Iṣẹ́ rẹ nìyẹn. Gbogbo fáìlì tí iléeṣẹ́ yìí ní, a fẹ́ kọ nǹkan sí i nídìí. Kátálọ́ọ̀gì la ń pè é.”

Wọ́n ṣí i hàn mí lórí látọọ̀pù. Fáìlì kọ̀ọ̀kan máa ní ojú ewé tiẹ̀: kí ni fáìlì yìí, ta ló ni ín, ibo ló wà, ìgbà wo ni wọ́n máa ń kọ nǹkan sínú ẹ̀, kí ni kọ́lọ́mù kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí. Nísàlẹ̀ pátápátá, àyè kan wà tí wọ́n kọ “Ẹni tó jẹ́rìí sí i” sí. Àǹtí ní ìdí ẹ̀ ni kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́la lè ṣí ojú ewé náà, kí fáìlì yé e láìpe ẹnikẹ́ni lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo rò pé àwọn àgbà tó wà ní ọ́fíìsì máa ń ṣe nǹkan létòlétò. Irọ́ ni. Mo rí fáìlì kan tó ń jẹ́ “Tuntun.” Mo rí “Tuntun Gan-an.” Mo rí “Ti Ìkẹyìn,” mo sì rí “Ti Ìkẹyìn, Ẹ Má Fọwọ́ Kàn Án.” Wọ́n ti fọwọ́ kàn án. Ọ̀kan wà tí wọ́n pè ní “Pàtàkì.” Mo rọra ṣí i bí ẹni ń ṣí àpótí baba olówó; orin ìjọ ló wà níbẹ̀, ẹsẹ mẹ́fà, ègbè sì wà níparí ẹ̀. Mo ṣe ojú ewé fún un náà. Níbi tí wọ́n ti ní kí n kọ iṣẹ́ tó ń ṣe, mo kọ pé “fún ìyìn.” Àǹtí pa á rẹ́.

Inú mi ń dùn ṣáá. Tí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ láàárọ̀, mo máa ń wo àwọn èrò tó kù, mo máa ń rò ó pé, ẹ ò mọ̀ pé ọkùnrin tó mọ ibi tí fáìlì ẹyin wà ló fara kàn yín yìí. Bí ẹ bá rí bí mo ṣe ń rìn wọ ọ́fíìsì, ẹ máa rò pé èmi ni mo ra ẹ̀rọ.

Ibi tí mo ti bà á jẹ́ ni pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ojú ewé tí mò ń ṣe lóòjọ́. Mo ṣe méje, mo ṣe mẹ́wàá, ó di méjìlá. Àǹtí ní, “Rọra. Kò sẹ́ni tó ń lé ẹ.” Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́. Ọgbọ́n ìyára tí mo dá sí i ni pé tí mo bá rí kọ́lọ́mù tí wọ́n pè ní “Ẹyin,” mo máa kọ “Iye ẹyin” síwájú ẹ̀. Tí mo bá rí “Òròmọdìyẹ,” “Iye òròmọdìyẹ.” Tí mo bá rí “Ọjọ́,” “Iye ọjọ́.” Mo tún máa ń jókòó padà kí n wò ó, kí n mi orí. Mo rò pé mo ń ṣe atúmọ̀ èdè. Níbi ẹni tó jẹ́rìí sí i, mo máa ń fi dáàṣì, ìlà kékeré kan, sí i, kí àyè ibẹ̀ má baà ṣófo.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Ọ̀gá ṣí kátálọ́ọ̀gì náà fúnra wọn. Wọ́n kà á lọ, wọ́n kà á bọ̀, wọ́n wá ní, “Fáìlì Yàrá Kìíní àti ti Yàrá Kejì mà jọra. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kọ́lọ́mù kan náà ló wà nínú méjèèjì. A ò pa wọ́n pọ̀ wò rí.”

Òótọ́ ni, wọn ò pa wọ́n pọ̀ rí. Ibi tí ọ̀kan wà ò mọ ibi tí èkejì wà. Ti Màmá, inú ìwé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí ní Láfẹ́nwá. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ló ń dà á kọ sínú kọ̀ǹpútà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti Bọ̀dá, orí kọ̀ǹpútà ni Bọ̀dá ń kọ ọ́ sí tààrà. Kátálọ́ọ̀gì tí mo kọ ló jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé méjèèjì lè jókòó pọ̀. Ẹ má bi mí bí orí mi ṣe wú. Mo dìde láti lọ mu omi tí òùngbẹ ò gbẹ mí, kí wọ́n ṣáà lè rí mi.

Àǹtí pa fáìlì méjèèjì pọ̀. Ọjọ́ tí ẹyin ń lò nínú ẹ̀rọ kó tó di ọmọ hàn kedere. Yàrá Kejì: mọ́kànlélógún, mọ́kànlélógún, mọ́kànlélógún, bẹ́ẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Yàrá Kìíní: méjìlélógún, méjìlélógún, méjìlélógún, àfi ibì kan ṣoṣo tó jẹ́ mẹ́tàlélógún.

Ojú Ọ̀gá yí padà. Ẹyin adìyẹ, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni. Tí òròmọdìyẹ bá ti jáde tí wọn ò kó o kúrò nínú ooru yẹn, omi ara ẹ̀ á gbẹ, ẹsẹ̀ ẹ̀ á rọ, ẹni tó bá rà á á sì rò pé àìsàn ni wọ́n tà fún òun. Ọ̀gá ní, “Ọjọ́ kan gbáko? Lórí gbogbo ẹyin tó wọ yàrá yẹn?” Wọ́n tún ní, “Màmá ti ń dàgbà. Bóyá ojú wọn ò rí nọ́ńbà ẹ̀rọ dáadáa mọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn lọ síbi páálí, kí Bọ̀dá máa wo yàrá méjèèjì.”

Ibi páálí ni wọ́n ti ń to òròmọdìyẹ sínú páálí tí wọ́n bá fẹ́ gbé e fún oníbàárà. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí nǹkan tí èèyàn ń ṣọ́. Màmá ló bẹ̀rẹ̀ Yàrá Kìíní pẹ̀lú Ọ̀gá nígbà tí iléeṣẹ́ ṣì ní ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn, wọ́n tẹ lẹ́tà ìyípadà iṣẹ́ náà, wọ́n kó o sínú àpò ìwé, wọ́n sì ránṣẹ́ sí Màmá pé kí wọ́n wá sí Òkè-Ìléwó láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Kí ni èmi ń ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn? Mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀gá ti sọ ọ́ pé kátálọ́ọ̀gì yìí mà wúlò. Mo ti ń rò ó pé màá sọ fún ìyá mi tí mo bá délé.

Àǹtí ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣí ojú ewé Yàrá Kìíní, wọ́n yí látọọ̀pù sọ́dọ̀ mi. “Ta ló jẹ́rìí sí èyí?”

Mo wò ó. “Dáàṣì ni, mà.”

“Dáàṣì. Yàrá wo ni Dáàṣì ti ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ yìí?”

Àǹtí fi ìka sí kọ́lọ́mù “Ọjọ́.”

“‘Iye ọjọ́.’ Láti ìgbà wo sí ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí ẹyin bá wọlé, mà.”

“Ta ló sọ fún ẹ?”

“Ó... ó ṣáà hàn bẹ́ẹ̀, mà.”

“Lọ sí Láfẹ́nwá lọ́la. Mú ojú ewé yìí dání, kí o bi Màmá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó gba lẹ́tà, ó kéré tán kí á ti bi wọ́n.”

Mo lọ lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́bọ̀. Mo mọ ohun tó wà nínú lẹ́tà, Màmá ò mọ̀. Inú mi ò dùn sí ara mi, ṣùgbọ́n mo múra bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó: kánfáàsì dúdú tuntun, ṣẹ́ẹ̀tì tí mo lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn, wọ́n so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn pẹ̀lú okùn. Mo dọ̀bálẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, Màmá.”

“O káre, akọ̀wé kọ̀ǹpútà. Ki ẹsẹ̀ bọ omi yẹn kó o tó wọlé. Ẹsẹ̀ Òkè-Ìléwó kì í wọ yàrá mi bẹ́ẹ̀.”

Bàsíà kan wà nílẹ̀ tí wọ́n da omi apakòkòrò sí. Mo ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ bí akọni. Kánfáàsì mi jáde níbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ méjì.

“Bàtà là ń bọ́ ká tó bọ̀ ọ́,” ni Màmá wí. “Bàtà wà lára ògiri yẹn fún àlejò. Àbí o ò rí i?”

Mo ti rí i. Mo rò pé ti olówó kan ni.

Ẹyin tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láàárọ̀ yẹn. Màmá fi ọwọ́ ara wọn to tíréè tó kẹ́yìn sínú ẹ̀rọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, wọ́n wo nọ́ńbà ooru láìlo gíláàsì ojú rárá, wọ́n sì kà á sókè fún mi bí ẹni tó mọ̀ pé mo fẹ́ dán wọn wò. Lẹ́yìn náà wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n lọ sídìí bọ́ọ̀dù dúdú kan lára ògiri. Ìlà ló kún ibẹ̀, ọ̀wọ́ ẹyin kan, ìlà tiẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀wọ́ tuntun sísàlẹ̀, wọ́n sì fa ìlà kan síwájú ẹ̀.

“Màmá, kí lẹ fà yẹn?”

“Ọjọ́ kìíní.”

“Ọjọ́ kìíní ẹyin wo?”

“Ẹyin tí ojú rẹ ń wò yìí. Ṣé o sùn ni?”

“Kò tíì lo ọjọ́ kankan, Màmá. Bóyá ló tíì lo ìṣẹ́jú márùn-ún.”

Màmá yíjú sí mi. “Òní kì í ṣe ọjọ́ ni?”

“Ọjọ́ ni, mà.”

“Ẹ̀n. Òní tí mo gbé e wọlé, tí ẹ̀yìn ń ro mí yìí, ṣé kí n má kà á?”

“Kọ̀ǹpútà ò ní kà á, mà. Ọ̀la ni kọ̀ǹpútà máa pè ní ọ̀kan.”

“Kọ̀ǹpútà ò bá mi gbé ẹyin lónìí. Òun ló mọ̀.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Iṣẹ́ ńlá nìyẹn fún mi, ẹni tó bá wò mí á rò pé inú ń run mí. “Màmá, èyí tó wọlé lónìí, ìgbà wo ni ọmọ máa jáde?”

“Ọjọ́ kejìlélógún.”

“Ọjọ́ wo nìyẹn lọ́sẹ̀?”

“Ọjọ́bọ̀. Ọjọ́bọ̀ ló wọlé, Ọjọ́bọ̀ ló máa jáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣé o ti rí ẹyin tó ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ni?”

Mo fi ìka kà á. Ìka tán. Mo nawọ́ sí tíréè òfìfo kan kí n fi ihò ẹ̀ kà á, Màmá gbá mi lọ́wọ́, wọ́n ní tíréè yẹn ti mọ́. Mo wá dúró sójú kan, mo kà á lẹ́nu. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọjọ́ mọ́kànlélógún. Tí èèyàn bá ka òní mọ́ ọn, méjìlélógún. Màmá ò pẹ́. Wọn ò pẹ́ fún ọjọ́ kan péré. Èmi ni mo kọ “Iye ọjọ́,” tí mo fi dáàṣì jẹ́rìí sí i, tí wọ́n fi fẹ́ gbé obìnrin yìí kúrò nídìí ẹ̀rọ ẹ̀.

Mo sáré lọ sí Yàrá Kejì. Mo tún gbàgbé bàtà, mo tún ki kánfáàsì bọ omi. “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ka ọjọ́ tiyín?”

Bọ̀dá ò gbójú sókè. “Mi ò ka nǹkan kan. Mo máa tẹ déètì tó wọlé, mo máa tẹ déètì tó jáde, fáìlì á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.”

“Èyí tó bá wọlé Ọjọ́bọ̀ ńkọ́?”

“Ọjọ́bọ̀ náà ló máa jáde.”

“Bíi ti Màmá?”

“Màmá ló kọ́ mi níṣẹ́. Bíi ti ta ni ìwọ fẹ́ kó jẹ́?”

Ẹ wò ó, mo fẹ́ gbá Bọ̀dá mọ́ra. Wọ́n rí i lójú mi, wọ́n sún sẹ́yìn.

Mo padà lọ bá Màmá, mo ní kí wọ́n yá mi ní ìwé wọn, nítorí déètì tí ẹyin wọlé ò sí nínú fáìlì Yàrá Kìíní tó wà ní ọ́fíìsì, inú ìwé yẹn nìkan ló wà. Màmá ní ìwé àwọn kì í kúrò lọ́wọ́ àwọn. “Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí lọ́la. Bóyá nǹkan ni wọ́n fẹ́ fún mi.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo ní, “Ẹ kó gbogbo ìwé yín dání, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má fi ẹyọ kan sílẹ̀.”

Mo pe Àǹtí látẹ̀yìn ọ̀kadà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi. Nígbà tó yé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín kékeré kan. Wọ́n ní Ọ̀gá ti lọ wo oníbàárà, fóònù wọn ò lọ. “Lọ́la, ṣáájú lẹ́tà, o máa sọ ọ́ fún wọn. Ìwọ ni o, kì í ṣe èmi. Ìwọ lo mọ Dáàṣì.”

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àpò ìwé náà wà lórí tábìlì Ọ̀gá. Màmá jókòó, wọ́n gbé báàgì ìwé sórí ẹsẹ̀. Ọ̀gá ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ nígbà tí mo gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, ohun tí mi ò ṣe fún àgbàlagbà rí láyé mi.

“Ọ̀gá, ẹ má bínú. Àṣìṣe mi ni.”

“Èwo nínú wọn?” ni Ọ̀gá bi mí.

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti bọ́ọ̀dù, mo sọ ti ìlà àkọ́kọ́, mo sọ ti Bọ̀dá. Mo fi ìka kà á, mo ṣì í kà, mo tún un kà. Ọ̀gá fa ojú ro. “Èmi ò mọ ti ìlà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló wà nínú gbogbo ìwé tí mo kà. Fáìlì yàrá yìí sọ pé méjìlélógún.”

Àpò ìwé ni Màmá ń wò. “Kí ló wà nínú èyí?”

Màmá wo Ọ̀gá, wọ́n wo Àǹtí, wọ́n wò mí, mo wo kánfáàsì mi. Ó yé wọn. Wọ́n fa báàgì ìwé mọ́ra.

“Ọmọ ọmọ yín tuntun,” ni Màmá wí, ohùn wọn ò gòkè rárá, “ọjọ́ wo la bí i?”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun,” ni Ọ̀gá wí.

“Ọjọ́ wo la sọ ọ́ lórúkọ? Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé e fún àlùfáà.”

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e.”

“Ọjọ́ kélòó rẹ̀ láyé?”

“Ọjọ́ kẹjọ ni, Màmá. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n.”

“Akọ̀wé,” ni Màmá wí fún mi, “bi kọ̀ǹpútà yẹn.”

Mo tẹ Ìṣẹ́gun tí wọ́n bí ọmọ, mo tẹ Ìṣẹ́gun tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Mo kánjú, mo tẹ ọdún tí kò tíì dé ní ìgbà àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ní ọmọ náà ti tó wọ iléèwé. Mo tún un tẹ̀. Mo yí ojú ẹ̀ sí Ọ̀gá. Méje ló wà níbẹ̀.

Màmá ní, “Ṣé a ti sọ ọmọ yẹn lórúkọ kó tó pé ọjọ́ ni?”

Àǹtí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo rántí ẹni tí mo jẹ́, mo pa ẹnu mọ́. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́ gba ìwé Màmá, wọ́n ń ka déètì sókè, Àǹtí ń tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ajé, mọ́kànlélógún. Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́bọ̀, mọ́kànlélógún. Wọ́n ń lọ bẹ́ẹ̀, àyà mi ń fò mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń ta pẹnárítì. Ọ̀kan wá já sí méjìlélógún lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá gbójú sókè.

“Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìwé,” ni Màmá wí.

Ọ̀gá kà á. Màmá ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kọ̀, ẹyin tutù láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, ọmọ máa pẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ti kọ ọ́ kí ọmọ tó pẹ́. Kò sí ìkankan nínú ìyẹn nínú fáìlì wa.

Ọ̀gá pa ìwé dé. Wọ́n fa àpò ìwé náà ya sí méjì láìṣí i, wọ́n tún fà á ya. “Màmá, ẹ má bínú. Ibi páálí ni mo fẹ́ gbé yín lọ.”

“Ibi páálí,” ni Màmá wí.

“Kò sí oníbàárà kan tó sọ pé ọmọ tiyín ò dáa. Mo yẹ kí n ti rò ó. Mo yẹ kí n bi yín.”

“Ẹ yẹ kẹ́ ẹ bi mí. Ọmọ yìí náà yẹ kó bi mí.” Màmá wò mí látòkè délẹ̀. “Òun ṣáà wá lánàá. Ó ba bàtà jẹ́, ṣùgbọ́n ó wá.”

Ọ̀gá ní láti ọjọ́ yẹn lọ, déètì tó wọlé àti déètì tó jáde ni wọ́n máa kọ sínú fáìlì yàrá méjèèjì, pẹ̀lú ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìwé. Màmá ní kí wọ́n kọ èyí tó bá wù wọ́n, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù àwọn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án. Wọ́n wá kọjú sí mi. Wọ́n ní gbogbo ojú ewé tí mo ti kọ, kí n padà sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n kà á fún ẹni tó ni fáìlì, kí ẹni náà fi ẹnu ara ẹ̀ gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Dáàṣì ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

Mo ti kọ ojú ewé tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ó yẹ kí n sunkún. Bí mo ṣe ń yọ̀ ló jẹ́ kí Ọ̀gá bi mí bóyá ó yé mi.

Màmá ò jẹ́ kó di ọjọ́ mìíì. Wọ́n fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n gbé gíláàsì wọ̀, wọ́n ní kí n ṣí ti yàrá àwọn. Wọ́n ń sọ, mò ń tẹ̀: “Ọjọ́: a ń ka ọjọ́ tí ẹyin wọlé mọ́ ọn. Ọjọ́ tó wọlé ni ọjọ́ kìíní.” Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo kà á. Wọ́n ní kí n tún un kà, mo ti yára jù. Mo tún un kà. Níbi ẹni tó jẹ́rìí sí i, wọ́n sọ orúkọ wọn fún mi ní gbogbo ẹ̀, ti ìdílé, ti ìrìbọmi, èyí tí ọkọ wọn fún wọn, àyè ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbà á.

“Èyí tó tẹ̀ lé e ńkọ́?”

“‘Ẹyin tó fọ́,’ mà.”

“Kí lo kọ sí i?”

Mo fi ọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà.

“Kà á jàre.”

“‘Iye ẹyin tó fọ́.’”

Màmá bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún gbé e wọ̀. “Èyí tó fọ́ nínú ọkọ̀ tó gbé e wá, àbí èyí tó fọ́ lọ́wọ́ mi, àbí èyí tí ọmọ fúnra ẹ̀ fọ́ tó fi jáde?”

Mo pa á rẹ́. Mo ní, “Màmá, ẹ máa wí.”